Ọmọ Ehoro ní Ladi-Lak

Ehoro kì í gbó bí ajá, kì í kọ bí àkùkọ, kì í sì í ké lóru bí ológbò tó ń wá akọ. Ẹran tó bá ilé olójúlé púpọ̀ mu ni, irú ilé tó kún Ladi-Lak ní Èkó, láti apá Ṣómólú títí wọ Bàrígà, níbi tí àwọn ayálégbé ti jọ ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná àti ẹ̀yìnkùlé. Àgò kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ti tó o. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí onílé tó mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Àwọn ọmọdé ló sábà máa ń bẹ òbí wọn títí wọn yóò fi rà á, nítorí ta ni yóò rí etí gígùn yẹn àti imú tó ń mì tìtì, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní máa yún un láti gbé e?

Ṣùgbọ́n ọmọ ehoro tètè ń kú mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó ra tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lè máa gbẹ́ ilẹ̀ fún un kí Sátidé kejì tó pé, kí ó sì máa ṣàlàyé fún aládùúgbò pé òun kò febi pa á, pé àti búrẹ́dì, àti bisikíìtì, àti kárọ́ọ̀tì, kò sí èyí tí òun kò fún un. Kò purọ́. Oúnjẹ yẹn gan-an ló pa á.

Ikùn ehoro ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, àpò kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju àpòlúkù rẹ̀ lọ, àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló sì ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń bá a sọ koríko di ohun tí ara lè lò. Ohun tí wọ́n bá pèsè á jáde ní ìdí rẹ̀, pàápàá lóru: ó rọ̀, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ra wọn ṣùṣù. Ehoro á tẹ orí ba, á fi ẹnu gbà á níbẹ̀ tààrà, á sì gbé e mì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè tutọ́ ìríra, ṣùgbọ́n inú ohun rírọ̀ yìí ni purotéènì àti fítámì B tí ara rẹ̀ ń fẹ́ wà. Èyí tó gbẹ, tó rí róbótóróbótó, tó wà nílẹ̀ àgò láàárọ̀, ìyẹn ni ìgbẹ́ gidi. Ẹni tó ń sin ehoro gbọ́dọ̀ máa wò ó lójoojúmọ́. Bó bá pọ̀, tó tóbi, tó sì gbẹ, àlàáfíà wà. Bó bá kéré bí orí abẹ́rẹ́, tàbí tí kò sí rárá, ewu ti dé.

Ohun kan ṣì kù: ehoro kò lè bì. Ohun tó bá ti wọlé, iwájú ló gbọ́dọ̀ máa lọ, okùn inú koríko ló sì ń tì í lọ. Bí koríko bá wọ́n, tí ìrẹsì àti búrẹ́dì sì pọ̀, ìfun á dáwọ́ dúró, kòkòrò burúkú á borí rere, afẹ́fẹ́ á kún inú. Ikùn á le gbandi. Ẹran náà á ká jọ sí igun àgò, á máa lọ eyín pọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ó ń jẹun ni.

Ti ọmọdé inú ehoro tún wá le ju ti àgbà lọ. Ehoro tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ nínú ọ̀dàn, tirun-tirun ni wọ́n ń bí ọmọ tirẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti là. Ehoro inú àgò kì í ṣe irú rẹ̀. Ìhà Spéìn àti Potogí ni baba ńlá rẹ̀ ti wá, inú ihò ilẹ̀ sì ni wọ́n ń bímọ sí. Lẹ́yìn oyún ọjọ́ bíi 31, ọmọ á dé láìní irun lára, ojú rẹ̀ á dì, á sì tó nǹkan bí ọjọ́ 10 kó tó là. Ìyá kì í jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọjọ́ kan ló sábà máa ń fún ọmọ lọ́mú, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tí kò mọ̀ á ní ìyá burúkú ni, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í po mílíìkì inú agolo fún ọmọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọ̀rá inú wàrà ehoro tó ìlọ́po mẹ́ta ti màlúù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń dáàbò bo ikùn ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Lọ́jọ́ tí ọmú bá tán, ààbò yẹn tán nìyẹn, àwọn kòkòrò rere kò sì tíì fìdí múlẹ̀ tán.

Ọmọ ehoro á bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé jẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sàn kí ó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù lojú oníbàárà máa ń lọ sí, ọlọ́jà náà sì mọ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n ń tà á. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó pàdánù ìyá, ó gun kẹ̀kẹ́ Márúwá nínú páálí, ó dé ilé tí ọmọ mẹ́rin ti ń jà lé e lórí, wọ́n sì fún un ní oúnjẹ tí ìyá ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá dàrú, ẹ̀bi ta ni?

Nídìí èyí, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè ohun tó ń jẹ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ó sì gba ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sínú ọ̀rá. Oúnjẹ àtijọ́ yẹn ni yóò máa jẹ lákọ̀ọ́kọ́, tuntun á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé. Kí ó tó sanwó, kí ó yí ẹsẹ̀ iwájú ẹran náà, kí ó wo irun apá inú lọ́hùn-ún. Ehoro tí ikun ń dà nímú rẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ iwájú nù ún, irun ibẹ̀ á sì dì pọ̀ gágá. Ọlọ́jà lè nu imú ṣáájú kí oníbàárà tó dé, àmọ́ kì í rántí ẹsẹ̀. Kí ó wo abẹ́ ìrù bóyá ìgbẹ́ gbuuru ti rin ín. Kí ó wo inú etí bóyá èépá pupa rúsúrúsú wà níbẹ̀, nítorí ilé kòkòrò ni. Gbígbé etí fà á sókè, bí wọ́n ti ń ṣe lójà, ìyà lásán ni. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí. Egungun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì lágbára. Bó bá ta kìjí nígbà tí ìdí rẹ̀ wà lófo, ó lè ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Kí ni kó wá jẹ? Koríko gbígbẹ àti tútù ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Àwọn ará Bàrígà máa ń rò pé koríko gbígbẹ jẹ́ nǹkan òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ó wà lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta àgbò: ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ, èyí tó máa ń pọ̀ lọ́jà bí Iléyá bá ń bọ̀. Ó dára fún ọmọ ehoro tó ń dàgbà, bí kò bá ti bu. Èyí tó bá ní òórùn èébu, kódà ewúrẹ́ kò yẹ kó jẹ ẹ́. Lásìkò òjò, nígbà tí àwọn alágbàdo sísun bá pàtẹ lójú títì, háhá àgbàdo tútù tí wọ́n ń kó dànù jẹ́ oúnjẹ gidi fún un. Eyín ehoro kì í dáwọ́ dídàgbà dúró, èyí tó wà níwájú lè ga tó 10 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún bí kò bá rí ohun líle lọ̀ ọ́, háhá àti koríko ló sì ń bá a gé e.

Nínú ewé, ewé ànàmọ́, tẹ̀tẹ̀ àti yúnyun dára, lẹ́kún-ọwọ́ fún ọmọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 8, kí wọ́n sì jẹ́ kó rọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kí omi rẹ̀ dínkù. Kò yẹ kí ewé píà, ewé pòtétò òyìnbó, ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti àlùbọ́sà dé ẹnu rẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n ti já ewé náà ṣe pàtàkì. Koríko etí gọ́tà àti kánààlì máa ń tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń mu lábẹ́ ilẹ̀ ni ẹran yóò jẹ. Ti kárọ́ọ̀tì, àwòrán Bugs Bunny tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1940 ló ti í sí gbogbo ayé lórí. Ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ègé pẹlẹbẹ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, odindi kan lójúmọ́ ti pọ̀ jù.

Àwọn kan ń bu oúnjẹ adìyẹ fún un nítorí pé ó sún mọ́ wọn lọ́jà. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ nítorí àrùn ìgbẹ́ adìyẹ, irú salinomycin, májèlé ni fún ehoro. Èyí tí wọ́n ṣe fún ehoro gan-an ni kí wọ́n rà, níwọ̀nba.

Omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n. Bí ehoro kò bá mu omi, kò ní jẹun, ìfun á sì dúró. Àwo amọ̀ tó wúwo ló dára jù, nítorí yóò da ti rọ́bà nù kí ẹni tó bu ú tó yíjú padà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ooru ni. Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn. Etí àti èémí ló fi ń tu ara. Ìwé tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ̀ jáde nípa ehoro ní 1997 sọ pé bí ooru bá ti tó 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ara ehoro kò lè ṣàkóso ooru inú rẹ̀ mọ́. Nínú yàrá onípáànù ní Bàrígà, lóṣù kejì sí ìkẹta ọdún, tí wọ́n sì mú iná lọ, ìwọ̀n yẹn kò jìnnà. Ìgò omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n gbé sínú àgò, á jẹ́ kó rí ibi fara tì. Omi tútù díẹ̀ tí wọ́n fi pa etí rẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni ibi àgò, bó ti wù kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ há tó.

Ní ti ibùsùn, àǹfààní tí àdúgbò yìí ní kò sí níbi gbogbo. Ṣómólú ni ojúkò iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó, ẹ̀rọ ìgébébà sì ń já etí bébà funfun sílẹ̀ jàǹtìrẹrẹ lójoojúmọ́. Èyí tí yíǹkì kò kàn, tí kò sì ń dán, ń fa ìtọ̀ dáadáa, kò sì ní lẹ́búlẹ́bú tó ń ta imú bíi ti èérún pákó. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ kí òórùn ìtọ̀ tó ta sókè, nítorí òórùn yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn imú. Bí ìsàlẹ̀ àgò bá jẹ́ wáyà, pákó pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí àtẹ́lẹsẹ̀ ehoro kò ní tìmùtìmù bíi ti ajá, irun nìkan ló fi ń tẹlẹ̀.

Àrùn kan tún wà tó ń pa ehoro láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè yọ nímú. Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1984. Ó jà ní orílẹ̀-èdè Benin ní 1995. Irú rẹ̀ tuntun, tó jáde ní Faransé ní 2010, kì í fojú fo ọmọ kéékèèké bíi ti àtijọ́, òun ni àwọn onímọ̀ sì rí ní Ìlọrin ní 2020. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà ènìyàn lè gbé e wọlé. Ẹni tó bá ní ehoro nílé tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ da tuntun mọ́ ọn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá.

Bí ó bá ń di oṣù mẹ́rin, kí wọ́n ya akọ kúrò lára abo, ohun yòówù tí ọlọ́jà ti sọ pé wọ́n jẹ́. Ó ṣòro fún òun náà láti dá wọn mọ̀ ní kékeré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni kẹ́míìsì. Ọmọ ehoro kọ oúnjẹ, wọ́n sáré ra ampicillin tí àwọn fúnra wọn ń lò, wọ́n tú u sínú omi, wọ́n fi síríńjì tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu. Oògùn irú rẹ̀, bó bá ti gba ẹnu wọlé, á pa kòkòrò rere inú àpò ìfun yẹn, èyí tó ń pani á sì gba ipò wọn. Ẹran náà lè má rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá ti tó wákàtí 12 tí kò jẹun, tí kò sì yàgbẹ́, dókítà ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ bá, pẹ̀lú ìgbẹ́ tó yà kẹ́yìn nínú ọ̀rá.