Lílo Èdè Yorùbá Láti Kọ́ Ọmọdé ní Èdè Faransé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní èdè Faransé máa rántí òwe yìí. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa tí a ti ń kọ́ Faransé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń túmọ̀ ohun gbogbo. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀ ni a ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ògbufọ̀ fún! Ẹrù méjì ni a gbé rù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èrò tèmi ni pé nínú ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣòro nínú Faransé, Yorùbá sún mọ́ ọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí olùkọ́ bá gbé eré inú kíláàsì ka orí èdè àbínibí ọmọ, ọmọ yóò mọ Faransé, yóò sì tún mọ ìṣirò, ìfetísílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ni ó kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Faransé. Ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í pa ní ọdún 1889 ni ó sọ Kétu, Sakété àti Pobè di ti Faransé, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ àti Ìdíròkò sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá ni wọ́n síbẹ̀. Ní ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọdún 1996 ni ìjọba kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1998. Láti ọdún 1991 ni a ti dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárà, ní Àgbádárìgì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ fi èdè náà kọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè lọ sí Àgbádárìgì. Inú kíláàsì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó bani nínú jẹ́ pé lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà lílo èdè àbínibí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n tún kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn ti fagi lé e. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìró èdè ṣáájú. Yorùbá ní ‘e’ àti ‘ẹ’, ó ní ‘o’ àti ‘ọ’. Faransé náà ní wọn. Ọmọ Yorùbá yóò pe ‘bébé’ bí ó ti yẹ láìfi ‘i’ kún un lẹ́yìn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń ṣe, yóò sì fi ‘ẹ’ sí ‘mère’ àti ‘père’. Fáwẹ́lì àránmúpè, tí ó máa ń da ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láàmú, kò jẹ́ tuntun létí ọmọ wa rárá. Ẹni tí ó lè pe ‘ìbọn’ ti pe ‘bon’ tán. Ibi tí olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni pé ‘an’ àti ‘ọn’ kò yàtọ̀ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí náà ọmọ lè máa pe ‘banc’, tí í ṣe àga gbọọrọ, bí ẹni tí ó ń pe ‘bon’. Kí olùkọ́ gbé àga kan síwájú, kí ó máa pe ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí ó bá pe ‘banc’, kí àwọn ọmọ sáré lọ jókòó. Bí ó bá pe ‘bon’, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ ti tó.

Ìró tí Yorùbá kò ní rárá ni ‘u’ Faransé, irú èyí tí ó wà nínú ‘tu’ àti ‘rue’. Kí a má fi àlàyé gígùn yọ ọmọ lẹ́nu. Kí a sọ fún un pé kí ó pe ‘i’, kí ó fi ahọ́n sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó wá sún ètè jọ bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé. Yóò jáde. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí olùkọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà ń bẹ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘o’ àti ‘ẹ’ nígbà tí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Faransé mọ̀ ọ́n: ‘tu’ ni ‘o’, ‘vous’ ni ‘ẹ’, yálà fún ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún tàbí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí olùkọ́ fi gèlè wé ọmọbìnrin kan gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà, kí ó fi fìlà dé ọmọkùnrin kan bí bàbá àgbà, kí àwọn yòókù máa wá kí wọn ní ‘Bonjour, madame’ àti ‘Bonjour, monsieur’. Kò sí ohun tí ó burú bí wọ́n bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ti ń kí i. Ṣùgbọ́n kí a ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ Faransé a máa pe ìyá tí ó bí i ní ‘tu’. Yóò yà wọ́n lẹ́nu púpọ̀, ó sì ya èmi náà lẹ́nu.

Ìṣirò ni ó dùn mọ́ mi jù. Kí a gbé ọpọ́n ayò wá sí kíláàsì. Ojú ọpọ́n jẹ́ 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ọmọ ti ń fi ọwọ́ kan ọmọ ayò ni kí ó máa kà á: ‘un, deux, trois, quatre’. Fífi ọwọ́ kan nǹkan bí a ti ń pe iye rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìṣirò fún ọmọdé, ní èdè kí èdè. Nígbà tí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí ó máa ka ojú ọpọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin: ‘quatre, huit, douze, seize, vingt’, títí yóò fi dé ‘quarante-huit’. Nígbà tí a bá wá dé 80, Faransé yóò ní ‘quatre-vingts’, ìyẹn ogún mẹ́rin. Kí sì ni ọgọ́rin bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Ọmọ tí a fi ònkà Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nìkan kò lè rí i. Wọ́n pínyà ní 90: Yorùbá yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, ó pè é ní àádọ́rùn-ún, Faransé sì fi ẹ̀wá lé ogún mẹ́rin, ó ní ‘quatre-vingt-dix’. Ó kù díẹ̀ káàtó pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò mọ ònkà Yorùbá kọjá ogún mọ́. Olùkọ́ Faransé ni yóò wá tún un kọ́ wọn!

Ní ti àwọ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tí Yorùbá fúnra rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀: ‘noir’ fún dúdú, ‘blanc’ fún funfun, ‘rouge’ fún pupa. Aṣọ tí ó mu aró dáadáa, dúdú ni a ń pè é. Nítorí náà kí a gbé aṣọ aró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú kí ọmọ tó mọ ‘bleu’ yàtọ̀ sí ‘noir’.

Ohun kan wà tí Yorùbá kò lè ràn wá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Faransé pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ àti abo; àwa ní tiwa, ‘ó’ kan náà ni fún ọkùnrin, obìnrin àti òkúta. Kí olùkọ́ wá apẹ̀rẹ̀ méjì, kí ó kọ ‘le’ sí ara ọ̀kan, ‘la’ sí ara èkejì, kí àwọn ọmọ máa pín ẹrù ọjà sí i: ata, ‘le piment’, àgbàdo, ‘le maïs’, máńgòrò, ‘la mangue’, tòmátì, ‘la tomate’. Kí a má ṣe kọ́ ọmọ ní ‘piment’ lásán láé. Kí wọ́n sì má rò pé ohun tí a ń pè ni ó jẹ́ akọ tàbí abo, kí a sọ fún wọn pé ‘la tortue’ ni Faransé ń pe ìjàpá. Ìjàpá ọkọ Yánníbo di abo! Wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni James Asher, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ àṣẹ, kí ó fi ara ṣe é, kí a tó ní kí ó sọ̀rọ̀. Eré ‘Jacques a dit’ ti àwọn ọmọ Faransé bá èyí mu. Bí olùkọ́ bá ní ‘Jacques a dit: touchez le nez’, gbogbo ọmọ yóò fọwọ́ kan imú, bí ó bá ní ‘touchez le nez’ lásán, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ti jáde. Kíláàsì tí ó ní ọgọ́ta ọmọ lè ṣe é láìsí ìwé kankan.

Ìwé kíkọ ni kí ó gbẹ̀yìn. Bí a ti ń kọ Yorùbá ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ‘eau’, tí í ṣe omi, gba lẹ́tà mẹ́ta kí ó tó dún bí ‘o’ kan ṣoṣo. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ Yorùbá kà dáadáa, bóyá ní kíláàsì kejì tàbí ìkẹta, kí olùkọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ Faransé kankan sójú pátákó. Kí ó tó di ìgbà náà, ‘le’ àti ‘la’ ara apẹ̀rẹ̀ méjì yẹn nìkan ti tó wọn í kà.