Ṣé o mọ̀? Bí kòkòrò onígbáméjì ṣe ń gbẹ omi ara

• Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní i ti kàn ni kòkòrò onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, ti ń wọ ara wa.

• Omi kíkan inú ikùn máa ń pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó bá yè é á kọjá sínú ìfun kékeré, wọn á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

• Kòkòrò náà kì í ya ìfun. Oró tó ń tú jáde ló ń ṣiṣẹ́ ibi: ó ń mú kí ìfun máa da iyọ̀ àti omi ara síta láìdúró, èyí ló ń di ìgbẹ́ gbuuru.

• Ẹni tí àìsàn náà bá mú gan-an lè pàdánù omi tó tó lítà 1 ní wákàtí 1. Láìsí ìtọ́jú, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

• Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé kòkòrò náà mì kì í ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ ó ń bá ìgbẹ́ wọn jáde.

• Ṣúgà inú ORS, ìyẹn omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà sí fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi padà sínú ara.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún aláìsàn ní ORS lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.