Rọ́bọ̀ọ̀tì Kì í Dá Iṣẹ́ Abẹ Ṣe

Apá ẹ̀rọ ló ń di abẹ mú, ṣùgbọ́n dókítà tó jókòó lọ́tọ̀ ló ń darí rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní da Vinci, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ẹran ara ṣe le tó. Ojú ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ojú ò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹran ara lè ya. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó tó ṣe é fún aláìsàn níṣojú ọ̀gá.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é fún èèyàn yín nílùú òkèèrè, ẹ bi dókítà pé: “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fi ẹ̀rọ yìí ṣe irú rẹ̀?” Kì í ṣe àrífín. Abèèrè kì í ṣìnà.