Ohun Tí Ń Mú Ìbọn Ológun Àtijọ́ Tàsé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ orúkọ Lee-Enfield, ìbọn tí ó di ti àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1895, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà sì gbé jà ní Bọ́mà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní Ìlú Ọba lónìí, àwọn kan tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ń tún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń fi díje ní pápá Bisley. Wọn a ha igi rẹ̀, wọn a fi òróró pa á títí yóò fi máa dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá yìn ín, ọta a fọ́n káàkiri. Wọn a ní ọ̀pá rẹ̀ ti gbó, wọn a sì yọ ọ́ sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà púpọ̀, ọ̀pá náà kò jẹ̀bi.

Kí ni ń mú ọta lọ tààrà? Inú ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ń dán bọ̀rọ́ ni, ọta rẹ̀ kì í sì í pẹ́ yà. Ṣùgbọ́n a fín ilà tí ó lọ́ bí okùn sí inú ọ̀pá Lee-Enfield. Ilà náà yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 10. Ọta tí ó bá gba ibẹ̀ jáde yóò máa pòòyì. Ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ pé òkòtó tí ń yí kì í ṣubú; bẹ́ẹ̀ ni ọta tí ń pòòyì kì í takìtì lójú ọ̀nà.

Kí a tó tún ohunkóhun ṣe, kí a gbé ìbọn náà lé orí àpò iyanrìn, kí a yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún sí ojú pépà kan. Bí ihò márààrún bá ṣù jọ sí apá òsì, ìbọn náà dára. Ojú tí a fi ń wò ni kò gún. Kí a sún irin ìfojúsùn ti iwájú sí òsì náà, ihò yóò wá sí àárín. Ṣùgbọ́n bí ihò bá fọ́n ká, àìsàn wà lára ìbọn.

Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí etí ibẹ̀ bá jẹ lápá kan, èéfín ẹ̀tù yóò kọ́kọ́ tú síbẹ̀, yóò sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn tí àwọn ọmọ-ogun fi ń fa àkísà gba inú ọ̀pá ni ó sábà ń jẹ ẹ́, bí okùn ti ń jẹ etí kànga. Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọta àtijọ́ a máa fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ a fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìpata a sì dé. Epo kò lè yọ́ iyọ̀. Omi gbígbóná ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí a tó fi epo sí i.

Ṣùgbọ́n igi ni ọ̀daràn tí ó máa ń fara pamọ́ jù. Nígbà tí ìbọn bá dún, ọ̀pá rẹ̀ a gbọ̀n bí agogo tí a lù. Ẹ fi ọwọ́ kan agogo, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Igi tí ó bá ń kan ọ̀pá níhìn-ín lónìí, tí ó ń kan án lọ́hùn-ún lọ́la, kò ní jẹ́ kí ọta méjì gba ọ̀nà kan náà. Igi a sì máa wú lásìkò òjò bí ilẹ̀kùn ilé wa. Nínú Lee-Enfield kẹrin, igi ní láti ti ọ̀pá sókè díẹ̀ nítòsí ẹnu, kí ó sì gbá ìdí irin mú ṣinṣin láti gba ìtaǹdí ìbọn. Ẹni tí ó bá fi sáńpépà ha inú igi náà ti ba ìjókòó yìí jẹ́.

Oníṣẹ́ tí ó mòye a fi dúdú èéfín fìtílà pa irin náà, a gbé e sínú igi, a sì tún gbé e jáde. Ibi tí ó bá dúdú ni irin ti ń kàn. A fá ibi tí kò yẹ kí ó kàn, a sì fi àtè lẹ igi líle pẹlẹbẹ mọ́ ibi tí ó ti jẹ. Lẹ́yìn náà, a dè é le, a tún yìn ín. Ohun kan ṣoṣo ni a ń tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tí ó bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yìí wá ìbọn kiri o; iṣẹ́ àwọn tí òfin gbà láàyè ni. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ yín bá kọ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ó ń ṣe é, kí ẹ tó sọ irin tí kò ṣẹ̀ nù.