Tíkẹ́ẹ̀tì Màámi àti Wákàtí 24

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo san dọ́là 1,386 fún tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí yóò gbé Màámi láti Èkó lọ sí Houston. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú oyún níbẹ̀, àárín oṣù kẹjọ ni àwọn dókítà sì sọ pé yóò bímọ. Ìdajì owó náà jẹ́ àjọ tí Màámi kó, tí a ṣẹ́ sí dọ́là. Ìdajì yòókù ni mo ti ń tù jọ díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo ń ṣe fún àwọn ará òkè òkun. Nígbà tí ojúewé náà sọ pé owó ti wọlé, mo jó díẹ̀ nínú yàrá, mo sì sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Màámi gba ìwé tí mo tẹ̀ jáde lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó wọ aṣọ ìjọ́sìn wọn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Kò sí ìwé tí wọn kì í yẹ̀ wò bí ìwé ìdánwò. Wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé July ni a jọ sọ ni?"

August ni a jọ sọ. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni kí wọ́n lọ, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí wọ́n sì padà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án, kí sáà tuntun tó wọlé. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an nìyẹn: 07/08 àti 10/09. Ṣùgbọ́n ojúewé ti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi, àwọn ará Amẹ́ríkà sì máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje àti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ni ẹ̀rọ náà gbọ́. Màámi yóò fi kíláàsì wọn sílẹ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, wọn yóò sì padà dé nígbà tí sáà tuntun bá ti jìnnà.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí déètì náà padà. Owó tí wọ́n ní kí n fi kún un ju dọ́là 400 lọ. Mo pe ará àdúgbò wa kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Dùgbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ: "Àǹtí, owó yẹn ti lọ nìyẹn."

Agogo méje òwúrọ̀ ní Ìbàdàn jẹ́ agogo kan òru ní Houston lásìkò náà. Ojú ń tì mí láti pe aboyún ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé, nítorí aboyún kì í sùn títí kó má dìde lọ tọ̀. "Má yí i padà. Fagi lé e pátápátá, kí ó tó pé wákàtí 24."

Òfin ni. Láti ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ìrìnnà ti là á kalẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó bá ń ná ilẹ̀ wọn, ìbáà jẹ́ tiwọn, ìbáà jẹ́ ti àjèjì, gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Yálà kí ó bá oníbàárà di àyè àti iye owó náà mú fún wákàtí 24 láìgba kọ́bọ̀, tàbí, bí ó bá ti gbowó, kí ó jẹ́ kí oníbàárà fagi lé e láàárín wákàtí 24, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Kò pọn dandan kí ó ṣe méjèèjì. Lọ́jọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, ìrìn àjò gbọ́dọ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ ti rà á, nítorí òfin náà kò de alágbàtà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ará àdúgbò wa ti yé mi: nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Ohun tó sì ti ń já mi láyà láti àárọ̀, pé wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì náà pé owó rẹ̀ kò ṣeé gbà padà, kò dí òfin yìí lọ́wọ́ rárá.

Mo wá ibi ìfagilé. Àpótí ńlá aláwọ̀ búlúù kan yọ, ó ní kí n jẹ́ kí owó mi wà lọ́dọ̀ wọn, kí n lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn láàárín ọdún kan. Nísàlẹ̀ pátá, pẹ̀lú lẹ́tà tíntìntín, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí owó padà sí káàdì tí mo fi san án. N kò ní pè é ní ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹni tó to ojúewé yẹn mọ ibi tí ìka ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n yóò bà sí. Mo tẹ lẹ́tà tíntìntín náà. Mo ya àwòrán ojú fóònù mi. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ímeèlì ìfagilé wọlé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àṣé ìdúró ló kù. Òfin wọn fàyè ọjọ́ iṣẹ́ 7 sílẹ̀ fún ẹni tó fi káàdì àwìn sanwó, àti ọjọ́ 20 fún ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn sanwó. Káàdì àkáǹtì dọ́là mi kì í ṣe ti àwìn. Ní ọjọ́ kẹfà, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé pé àwọn ti fi owó sílẹ̀. Báńkì mi ní àwọn kò rí i. Mo lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ ṣe sùúrù, mà" ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nílé, Màámi kò béèrè owó náà lọ́wọ́ mi rí. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ẹja pàǹlá ti rọ́pò ẹran nínú ọbẹ̀ wa, ìyẹn sì dùn mí ju ìbéèrè lọ.

Nígbà tí a fi ń dúró, tíkẹ́ẹ̀tì kò dúró. Ní ọjọ́ kẹwàá, ti ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ti di dọ́là 1,480. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi káàdì tirẹ̀ rà á fún wa kí ó má baà tún gbówó lérí. Owó mi wọlé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, pípé pérépéré. Mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì fi dọ́là 94 lé e. Òfin dá owó mi padà. Kò dá ọjọ́ mẹ́tàdínlógún padà, kò sì dá iye owó ti tẹ́lẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má gbára lé ìtàn mi o. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, inú àdéhùn tí wọ́n kọ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti rí i, kí ẹ tó sanwó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, takisí tí yóò gbé wa lọ sí Ìkẹjà ti ń dúró lẹ́nu géètì. Màámi yọ ìwé náà láti inú báàgì wọn, wọ́n ka ọjọ́, wọ́n ka oṣù, wọ́n wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní kí n ti ilẹ̀kùn.