Dàda Wọ Igbó: Ọ̀rẹ́, Idán àti Sáyẹ́ǹsì nínú Ìtàn Àròsọ fún Ọ̀dọ́

Ìfáàrà

Irú ìtàn àròsọ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn púpọ̀. Nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò tíì pé ogún ọdún a máa ṣe alábàápàdé ohun ìyanu kan, wọn a sì bá ara wọn nínú ewu tí àgbà pàápàá ń sá fún. Sáyẹ́ǹsì àti idán ni ó para pọ̀ gbé ayé inú ìtàn náà ró. Àwọn kan gbà pé eré ọmọdé ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ti òyìnbó ni, kò kan lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí irú ìtàn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a sì fi hàn pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí ó mú un yàtọ̀

Nínú ìtàn idán lásán, kò sí ẹni tí í béèrè bí egbé ṣe ń gbé ènìyàn. Ẹni tí ó ní in lò ó, ó bùṣe. Nínú ìtàn sáyẹ́ǹsì pọ́ńbélé, òǹkọ̀wé ní láti ṣàlàyé ohun tí ó mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Irú èyí tí à ń sọ dúró sí àárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á wo A Wrinkle in Time, tí Madeleine L'Engle, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1962. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni bàbá Meg, ó sì ti di àwátì. Meg, àbúrò rẹ̀ Charles Wallace, àti ọ̀rẹ́ wọn Calvin wá a lọ sí ayé mìíràn. Ìmọ̀ nípa àyè àti àkókò ni òǹkọ̀wé fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rìn ín, síbẹ̀ àwọn ìyá mẹ́ta tí ó mú wọn lọ kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa. Nígbà tí ọ̀tá gba ọkàn Charles Wallace, ìfẹ́ tí Meg ní sí i ni ó fi gbà á padà. Ìmọ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìfẹ́ ni ó mú wọn jáde.

Zahrah àti Dari

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni Zahrah the Windseeker, tí Nnedi Okorafor tẹ̀ jáde ní 2005. Amẹ́ríkà ni a bí òǹkọ̀wé yìí sí ní 1974, ṣùgbọ́n Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀. Ilẹ̀ ọba kan tí ó pè ní Ooni ni ibùdó ìtàn náà, ní ayé tí ń jẹ́ Ginen. Níbẹ̀, irúgbìn ni wọ́n ń gbìn tí ó ń di kọ̀ǹpútà. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn oge tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lẹ dígí mọ́ aṣọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Zahrah. Dàda ni, ìtàkùn tín-ín-rín sì ń hù láàárín irun rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dari ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Dari láyà, ó sì fẹ́ràn ìwé atọ́nà kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa igbó ńlá tí gbogbo ìlú kà sí èèwọ̀. Nígbà tí Zahrah rí i pé òun lè fò, jìnnìjìnnì bò ó. Dari ni ó kì í láyà, tí wọ́n fi jọ lọ sí etí igbó náà níkọ̀kọ̀. Ibẹ̀ ni ejò ti bu Dari ṣán, tí ó sùn lọ bí òkú. Inú ẹyin ẹranko abàmì kan tí ń jẹ́ elgort nìkan ni oògùn rẹ̀ ti lè wá. Zahrah dá wọ igbó lọ láti wá a.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. Apá kìíní ìtàn yìí bá òwe náà mu rẹ́gí, nítorí Dari ni ó gbójú fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí ejò bù ú ṣán ni òwe yí padà: ẹni tí ń gbójú ti wó lulẹ̀, ó di dandan kí Dàda jà. Èyí ni iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ ń ṣe nínú irú ìtàn yìí. Kò sí ọba tí ó rán Zahrah, kò sì sí oyè tí yóò jẹ bí ó bá padà. Bí kò bá sí ọ̀rẹ́, kò sí ìdí tí ojo ọmọ yóò fi wọ igbó.

Igbó Irúnmalẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) yóò ní kò sí ohun tuntun níbí. Òtítọ́ ni pé Fágúnwà ti fi igbó abàmì hàn wá. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ rẹ̀ gbọ́ èdè ẹranko. Ìnàkí tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn sì wà nínú igbó tí Zahrah wọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ọdẹ ni Àkàrà-ògùn, Kàkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọba ni ó sì rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó nítorí àlàáfíà ìlú. Ẹnu Ìrágbèje ni wọ́n ti gbọ́ ọgbọ́n fún ọjọ́ méje.

Ìwé tí kò pé ni Zahrah gbẹ́kẹ̀ lé, ìwé tí àwọn tí ó ti wọ igbó náà kọ. Ó ní láti fi ohun tí ó kà wé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lójú tèmi, ibí gan-an ni sáyẹ́ǹsì inú ìtàn náà wà, ju inú kọ̀ǹpútà tí ń hù lọ. Òǹkọ̀wé kò sì fi òfíntótó ṣeré. Òfíntótó ni ó mú Dari dé ibi tí ejò wà. Òun náà ni ó jẹ́ kí ìwé tí ó gbà á là wà nílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 1968 ni Wọlé Ṣóyínká tẹ ìtumọ̀ ìwé Fágúnwà jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2008, ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí a fi orúkọ Ṣóyínká pè ni ó bọ́ sí Okorafor lọ́wọ́ nítorí ìtàn Zahrah. Ọ̀nà tí ó ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ti là. Èyí tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ wálé ni koríko ń bò. Ọmọ tí ń jẹ́ Dàda ní Ìbàdàn yẹ ní ẹni tí yóò ka irú ìtàn báyìí ní èdè tí a fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iṣẹ́ yìí kọjá títúmọ̀. A ní egbé, a ní òfé, a ní kánàkò. Ohun tí ó kù ni kí á máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí ọmọ kan bá lo kánàkò tí ọ̀nà sì ká fún un, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn ńkọ́? Ṣé ọ̀nà ká fún òun náà, àbí ó ku òun nìkan sínú igbó? Ìtàn odidi wà nínú ìbéèrè yẹn, kò sì sí ẹni tí ó tọ́ sí láti kọ ọ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà ti kọ tiwọn. Ó ku tiwa.