Lẹ́yìn Okùn Mẹ́fà: Ọ̀rọ̀ lórí Afárá Gìtá Tí Ń Gbọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní oṣù méjì sẹ́yìn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa gbé gìtá oníná rẹ̀ tọ̀ mí wá. Òun ni ó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè wọn, orin kẹta ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn gìtá náà yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn akọrin forí lé ìlà-oòrùn, gìtá forí lé ìwọ̀-oòrùn. Lójú gbogbo ìjọ ni ọ̀gá akọrin ti sọ fún un pé etí rẹ̀ kò gbọ́ orin. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò ju pé kí ó máa gbé gbohùngbohùn wọlé, kí ó sì máa gbé e jáde.

“Ọ̀mọ̀wé,” ni ó wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò rà á. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, bóyá n kò ní etí orin.”

Èmi náà ti ta gìtá díẹ̀ nígbà èwe mi, n kò sì tí ì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo yí gìtá náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe etí ọmọ náà.

Irú gìtá yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1954 ni Leo Fender, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé gìtá kan jáde tí ó pè ní Stratocaster. Àtúnṣe rédíò ni Fender ń ṣe kí ó tó bọ́ sídìí gìtá, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ gìtá ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ta ń gbé kọ́rùn títí di òní. Afárá ni mo pe ibi tí okùn gìtá gùn lé ní ìsàlẹ̀, níhà ọwọ́ tí ń ta á. Lára ọ̀pọ̀ gìtá, afárá yìí kì í mira. Lára ti Fender, pẹlẹbẹ irin ni. Súkúrù mẹ́fà ni ó mú un mọ́ igi níwájú, orí wọn ni ó sì ti ń mì bí ilẹ̀kùn ti ń mì lára àgbékọ́ rẹ̀. Lábẹ́ pẹlẹbẹ náà ni ègé irin nínípọn kan wà, tí ó gba inú ihò kan já sí ẹ̀yìn gìtá. Inú irin yìí ni a ti ń ki okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ̀ síwájú. Ní ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tí ń wòran kì í rí, ni sípíríǹgì wà, mẹ́ta sí márùn-ún. Orí wọn kan kọ́ sára irin nínípọn náà, èkejì kọ́ sára irin oníka kan tí súkúrù gígùn méjì kàn mọ́ igi. Ọ̀pá irin kékeré kan wà níwájú fún ọwọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, afárá yóò gbé ìdí sókè, okùn yóò dẹ̀, ohùn yóò lọ sílẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, sípíríǹgì yóò fa ohun gbogbo padà sí ipò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Okùn mẹ́fà tí kì í ṣe tín-ín-rín jù, bí a bá fà wọ́n dé ohùn wọn, agbára tí wọ́n fi ń fa afárá síwájú tó nǹkan bí 100 pọ́ùn. Ìfà yẹn ni sípíríǹgì gbọ́dọ̀ dá dúró láti ẹ̀yìn. Bí àwọn ọmọdé bá ń fa okùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí okùn náà kò sún síhìn-ín, tí kò sún sọ́hùn-ún, kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ń fà á. Ìfà ihà méjèèjì ni ó dọ́gba. Nítorí náà, lára irú gìtá yìí, okùn kan kò dá dúró. Bí o bá fa okùn kẹfà le díẹ̀, afárá yóò sún síwájú ní ìwọ̀n díẹ̀, márùn-ún ìyókù yóò sì dẹ̀ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tí mo bi ọmọ náà ní ìbéèrè, ó ní okùn tín-ín-rín tí òun ń lò a máa já, òun sì ra èyí tí ó nípọn jù ú lọ ní ọ̀sẹ̀ ìkórè. Ó pààrọ̀ okùn, kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Okùn tuntun lágbára ju sípíríǹgì lọ. Afárá ti gbé ìdí sókè, súkúrù iwájú sì ti há a mọ́ igi pinpin, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti mì lẹ́ẹ̀kan, kò lè padà sí ibi tí ó ti mì wá. Bí ó ti ń fa okùn kan bọ̀ sípò lójú agbo ni ó ń ba márùn-ún jẹ́. Ta ni etí rẹ̀ yóò là á nínú irú ìyẹn?

A jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. A ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún ń pààrọ̀ okùn, kí ó máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí ó bá yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, sípíríǹgì kò ní alátakò mọ́, gbogbo ohun tí a ti tò yóò sì dàrú. A dẹ súkúrù mẹ́fà iwájú díẹ̀ kí afárá lè mì fàlàlà. A fa gbogbo okùn dé ohùn wọn, a wo ìdí afárá: ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ Fender fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kí afárá léfòó ni ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì, èyí tí ó fi díẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, láàárín ìdí afárá àti ara gìtá. A yí súkúrù gígùn méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn wọlé ní ìlàjì ìyípo. Ìdí afárá rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo okùn ti le jù. A tún gbogbo wọn fà láti ìbẹ̀rẹ̀, a tún wò. A tún yí ìdámẹ́rin ìyípo. A tún fà. Ẹ̀ẹ̀méje ni a ṣe bẹ́ẹ̀ kí ihà méjèèjì tó gbà fún ara wọn. Ẹni tí kò ní sùúrù ni yóò sọ pé gìtá náà kò dára.

Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kúkú fún sípíríǹgì le títí afárá yóò fi lẹ̀ mọ́ ara gìtá. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀pá kò ní lè gbé ohùn sókè mọ́, sísọ̀ nìkan ni yóò kù. Ṣùgbọ́n bí okùn kan bá já lágbo, ìyókù kò ní tẹ̀lé e ṣubú. Ní tèmi, ìyẹn ni ó bá orin ìjọ mu. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ó lè lọ sókè, kí ó sì lè lọ sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, gìtá rẹ̀ ni.

Ohun tí ó kù kò le tó bẹ́ẹ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan ní gàárì tirẹ̀ lórí afárá (gàárì ẹṣin ni mo ń wí o, kì í ṣe èyí tí a fi ń tẹ ẹ̀bà), a sì lè gbé gàárì náà sókè tàbí kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí okùn má ṣe ga jù fún ìka, kí ó má sì máa ha irin ọrùn gìtá. Lẹ́yìn èyí, a ta okùn kan ní òfìfo, a tún tẹ̀ ẹ́ ní irin kejìlá, a ta á. Ohùn kan náà ni ó yẹ kí méjèèjì jẹ́, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní òkè. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga jù, a ó fa gàárì rẹ̀ sẹ́yìn kí okùn lè gùn sí i. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, a ó sún un síwájú.

Orúkọ ohun èlò yìí ni ó dun èmi olùkọ́ èdè jù. Tremolo ni Fender pè é, orúkọ náà sì wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní 1956. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì ni, gbígbọ̀n ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí àwọn olórin ilẹ̀ òyìnbó sì sábà máa ń fi ṣàpèjúwe ni kí ohùn kan máa ròkè kí ó máa wálẹ̀ ní ariwo, láìkúrò ní ipò rẹ̀. Èyí tí ń kúrò ní ipò rẹ̀, tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ láàárín dò, re, mí, vibrato ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀pá yìí ń ṣe. Ìgbà tí Fender tún wá fi ẹ̀rọ tí ń gbọn ariwo sínú gbohùngbohùn gìtá rẹ̀ kan, ó kọ vibrato sí i lára! Òyìnbó lè fojú kéré àṣìṣe yìí, Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá pariwo “ọkọ̀” láàárín ọjà tàbí o sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn àjò náà ni. Ṣùgbọ́n gbé ohùn ìparí rẹ̀ sókè, ó di ohun tí a fi ń kọ ebè. Bí a bá fẹ́ fún irin yìí ní orúkọ ní èdè wa, ọ̀pá ìyíhùn ni èmi ìbá pè é. Ẹ̀yin òǹkàwé yóò sì rí i pé àkọlé tí mo fún àròkọ yìí pàápàá ti bá Fender ṣìnà.

Iṣẹ́ tí ọ̀pá náà ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Onílù dùndún a fún ọṣán ìyáàlù mọ́ ìhà, awọ a le, ohùn a ròkè. Ó dẹwọ́, ohùn a padà wálẹ̀. Títẹ̀ ọ̀pá gìtá ń sọ ohùn kalẹ̀, fífún ọṣán ń gbé e ga, ṣùgbọ́n ìfà àti ìdẹ̀ ni méjèèjì ń jẹ. Lóòótọ́, ní 1969 ni Jimi Hendrix fi ọ̀pá yìí mú kí orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ké bí ọkọ̀ òfurufú ogun ní Woodstock. Àwọn eléré jùjú tiwa gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tí ó bá gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 yóò gbọ́ bí Demola Adepoju ti ń yọ́ ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn lórí gìtá tí a tẹ́ kalẹ̀, tí a ń fi irin rá lórí okùn, tí a sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Nígbà tí a rò pé a ti parí, okùn kẹta kọ̀. Bí ọmọ náà bá ti tẹ ọ̀pá tí ó sì fi í sílẹ̀, okùn náà kì í padà sí ohùn rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi sípíríǹgì. Ní orí gìtá, níbi tí okùn ti ń kọjá lójú eyín kékeré kan kí ó tó kan kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fà á, ni ó ti ń há. Nítorí ìṣòro yìí ni Floyd Rose ní Amẹ́ríkà fi ṣe irin tí ń de okùn pa níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. A kò ní irú rẹ̀. Mo mú pẹ́ńsùlù lórí tábìlì mi, mo fi ẹnu rẹ̀ kun ojú eyín náà títí ó fi dúdú, a dá okùn padà, ó ń yọ̀ geere.

Ní ìgbáradì orin tí ó tẹ̀lé e, ó ní òun ta gìtá náà fún nǹkan bí wákàtí kan, òun sì tẹ ọ̀pá náà bí ó ti wù òun. Ọ̀gá akọrin kò sọ ohunkóhun nípa etí mọ́. Ó kàn bi í bóyá yóò lè tètè dé ní ọjọ́ Ìsinmi, nítorí pé orin ìwọlé ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsùlù mi ṣì wà nínú àpò gìtá rẹ̀.